Ẹ̀fọ́ Tutù Yọ̀yọ̀, Ilẹ̀ Rẹ̀ Ńkọ́?



Láyé àwọn bàbá wa, ẹ̀fọ́ tó bá hù ní ààtàn kì í lẹ́gbẹ́. Eérú, èèpo iṣu àti ìgbẹ́ ẹran ni wọ́n ń dà síbẹ̀. Ààtàn òde òní kì í ṣe irú rẹ̀ mọ́. Òkú bátìrì, ọ̀dà àti àfọ́kù rédíò ló pọ̀ níbẹ̀, òjé àti kádímíọ̀mù sì wà nínú wọn. Ẹ wo ààtàn Olusosun ní Ọ̀jọ́tà, nítòsí wa níbí: ọdún 1992 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í da ìdọ̀tí Èkó síbẹ̀.

Òjé kì í jẹrà. Ó ń ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́. Kádímíọ̀mù ní tirẹ̀ ń ba kíndìnrín jẹ́. Ní Zamfara, ní ọdún 2010, àwọn awakùsà góòlù ń lọ òkúta olójèé láàárín ilé. Eruku rẹ̀ bo ilẹ̀ àgbàlá, ó sì pa ọmọdé tó ju 400 lọ. Ní Japan, odò Jinzu gbé kádímíọ̀mù láti ibi ìwakùsà wọ oko ìrẹsì, egungun àwọn tó ń jẹ ìrẹsì náà sì ń kán. Ọdún 1968 ni ìjọba wọn gbà pé òun ló fà á.

Ojú lásán kò lè rí i. Ẹ̀fọ́ olójèé lè tutù yọ̀yọ̀. Tí a bá fọ̀ ọ́ dáadáa, eruku ara ewé á lọ, ṣùgbọ́n èyí tí gbòǹgbò ti fà kò níí lọ.

Kí ni ṣíṣe? Àyẹ̀wò ni. Ẹ bu ilẹ̀ díẹ̀díẹ̀ níbi bíi mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nínú oko, kó jìn tó ìka mẹ́wàá. Ẹ pò ó pọ̀ nínú ike tó mọ́, ẹ má lo garawa onírin. Ẹ sá a sí ibòòji, kẹ́ ẹ wá gbé e lọ síbi àyẹ̀wò, bíi IITA ní Ìbàdàn. Ẹ fetí sílẹ̀ o: àyẹ̀wò ajílẹ̀ lásán kì í fi òjé hàn. Ẹ dárúkọ òjé àti kádímíọ̀mù fún wọn.

Bí ilẹ̀ kan bá ní i, ẹ má gbin tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ tàbí ewédú síbẹ̀. Ewé máa ń gba òjé àti kádímíọ̀mù ju èso lọ.

A mọ̀ pé owó ni àyẹ̀wò. Ìdí nìyí tí a fi ń rò ó pé kí ẹgbẹ́ dáwó jọ. Ọjọ́ tí ariwo bá sọ pé ẹ̀fọ́ Máìlì Túwẹ́ẹ̀fù ní májèlé, aláìṣẹ̀ àti ẹlẹ́ṣẹ̀ ni ọjà yóò kú mọ́ lọ́wọ́. Ẹni tó bá ní ìwé àyẹ̀wò lọ́wọ́ ni yóò lè sọ̀rọ̀.

Ẹ̀yin ẹlẹ́fọ̀ọ́, ẹ bi àgbẹ̀ yín: níbo lo ti gbìn ín? Kí ẹ mú ìdáhùn wá sí ìpàdé wa.