Tábò Tuntun Tó Ń Rú Èéfín Búlúù

Iṣẹ́ àpilẹ̀kọ mi ló gbé mi dé ọgbà àwọn mẹ́káníìkì nígbà ìsinmi tó kọjá. Mò ń ṣa àwọn ọ̀rọ̀ àyálò tí wọ́n fi ń pe ẹ̀yà ara ọkọ̀ jọ, mo sì mú fóònù dání láti gba ohùn wọn sílẹ̀. Mi ò mọ̀ pé típà bàbá mi gan-an, èyí tó ń kó yanrìn tí owó ilé-ìwé mi fi ń jáde, ni yóò kọ́ mi lẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀.

Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ so tábò tuntun mọ́ ọn ni. Wọ́n sítáàtì rẹ̀, kò pẹ́ tí èéfín búlúù fi bẹ̀rẹ̀ sí í rú láti sàlẹ́ńsà. Mẹ́káníìkì tó so ó ní tábò ti kọ́ńdẹ́ẹ̀mù, pé ayédèrú ni. Ẹni tó tà á ní òun kì í gba ọjà padà. Bàbá mi ti ń ṣírò owó òmíràn, mo sì mọ ibi tí owó yẹn yóò ti wá. Bàbá àgbàlagbà kan tó ń tún ẹ́ńjìnnì ṣe ní ìsọ̀ kejì ló ní, "Ẹ ṣe sùúrù ná, ẹ má tíì tú u."

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí tábò ṣe ń ṣiṣẹ́. Irin gbọọrọ kan wà láàárín rẹ̀, fáànù kọ̀ọ̀kan sì wà ní orí rẹ̀ méjèèjì. Èéfín tó ń jáde láti inú ẹ́ńjìnnì ló ń yí fáànù kìíní. Ìyẹn ń yí èkejì, tó ń fa atẹ́gùn wọlé, tó sì ń tì í sínú ẹ́ńjìnnì. Irin náà lè yí ju ìgbà 100,000 lọ láàárín ìṣẹ́jú kan, orí ọ́ìlì ló sì ń yí lé. Ọ́ìlì ń gba páìpù tẹ́ẹ́rẹ́ kan wọlé láti òkè, pẹ̀lú agbára pọ́ǹpù. Ó ń gba páìpù tó fẹ̀ jáde nísàlẹ̀.

Páìpù ìsàlẹ̀ yìí ni wọ́n ń pè ní "rìtọ́ọ̀nù," ọ̀rọ̀ yẹn sì ti tan ọ̀pọ̀ jẹ jú bí mo ṣe rò ó. Ẹni tó bá gbọ́ ọ yóò rò pé nǹkan kan ló ń dá ọ́ìlì padà. Kò sí. Ńṣe ló kàn ń ṣàn wálẹ̀, bí òjò ṣe ń ṣàn láti orí páànù. Ó tún ti hó bí omi ọṣẹ nígbà tó bá ń jáde, ìdí nìyẹn tí páìpù náà fi gbọ́dọ̀ fẹ̀. Nítorí pé kò sí ohun tó ń tì í, ìdènà kékeré ti tó láti dá a dúró.

Ọ̀rọ̀ kejì ni "sìlì." Rọ́bà ni mo pè é. Irin róbótó tẹ́ẹ́rẹ́ ni, bíi ríǹgì písítìnì, kò sì lè dá ọ́ìlì dúró bí inú tábò bá kún. Ọ́ìlì tí kò bá rí ọ̀nà sísàlẹ̀ yóò gba ẹ̀gbẹ́ jáde: bó bá bọ́ sí apá èéfín, yóò jó di búlúù, bó bá bọ́ sí apá atẹ́gùn, inú họ́ọ̀sì lẹ ó ti bá a. Bẹ́ẹ̀ ni tábò tí kò ní àbùkù kankan ṣe ń da ọ́ìlì.

Bàbá náà kọ́kọ́ fa ọ̀pá tí wọ́n fi ń wọn ọ́ìlì yọ, torí bí ọ́ìlì bá kún bo ẹnu rìtọ́ọ̀nù nísàlẹ̀, kò ní lè ṣàn mọ́. Kò kún. Ó ṣí ọmọrí ibi tí wọ́n ń da ọ́ìlì sí nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń dún jẹ́jẹ́. Ká ní èéfín tú jáde pẹ̀lú agbára níbẹ̀ ni, a jẹ́ pé ihò tí ẹ́ńjìnnì fi ń mí ti dí tàbí pé ríǹgì ti jẹ. Afẹ́fẹ́ inú ẹ́ńjìnnì ni yóò máa ti ọ́ìlì padà sókè, kò sì sí tábò tuntun tó lè wo ìyẹn sàn. Díẹ̀ ló jáde. Ó wo páìpù: kò ká, kò sì fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ju ìwọ̀n digírì 35 lọ. Ó tún yọ họ́ọ̀sì atẹ́gùn, ó mi irin tábò wò; fáànù kò ha ara ilé rẹ̀. Ká ní ó ń ha á ni, ọ̀rọ̀ mẹ́káníìkì kìíní ì bá jóòótọ́.

Ìgbà tí wọ́n tú rìtọ́ọ̀nù ni àṣírí tú. Mo di tọ́ọ̀ṣì mú fún wọn. Wọ́n ti fi gọ́ọ̀mù kun gáskẹ́ẹ̀tì; èyí tó ṣẹ́kù ti ya wọ inú ihò, ó gan, ó sì dí i ju ìdajì lọ. Páìpù àtijọ́ ni wọ́n sì tún lò, ọ́ìlì tó ti jóná ti lẹ̀ mọ́ inú rẹ̀ bí èédú.

Wọ́n ha gọ́ọ̀mù kúrò, wọ́n fi dísẹ̀lì àti wáyà fọ páìpù, wọ́n fi gáskẹ́ẹ̀tì tuntun sí i láìkun ohunkóhun. Kí wọ́n tó sítáàtì, wọ́n da ọ́ìlì tó mọ́ sí ihò òkè tábò, wọ́n sì fi ọwọ́ yí irin rẹ̀, kó má baà yí ní gbígbẹ.

Èéfín ṣì ń rú! Ọkàn bàbá mi já. Bàbá àgbàlagbà rẹ́rìn-ín: ọ́ìlì tó ti wà nínú sàlẹ́ńsà gbọ́dọ̀ jó tán ná. Ìrìn méjì sí ibi yanrìn, ó mọ́.

Mẹ́káníìkì kìíní ṣì gba owó gáskẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ wa.