Iná ẹ́ńjìnnì tàn: Ẹ má tíì ra páàtì

Iná ẹ́ńjìnnì kì í bá oníṣòwò tó ń fi tòkunbọ̀ kó ọjà gba Adégbayì, lójú ọ̀nà Ìbàdàn sí Ifẹ̀, lára mu. Mẹkáníìkì a yọ wáyà bátìrì, iná a kú, wọ́n a ní ó ti bùṣe. Irọ́ ni o! Àkọsílẹ̀ àìsàn mọ́tò ni wọ́n pa rẹ́.

Tòkunbọ̀ Amẹ́ríkà, bẹ̀rẹ̀ láti ti ọdún 1996, ní ihò lábẹ́ dáṣíbọọ̀dù fún ẹ̀rọ ayẹ̀wò. Bó bá gbé P0301 jáde, sìlíńdà kìn-ín-ní kò jó epo dáadáa. Tí sìlíńdà kọ̀ọ̀kan bá ní kọ́ìlì tirẹ̀, ẹ ní kí wọ́n fi ti ìkíní pààrọ̀ ti ìkejì, kí wọ́n pa nọ́ńbà rẹ́, kí wọ́n wa mọ́tò díẹ̀. Bó bá di P0302, kọ́ìlì ló bàjẹ́. Bí kò bá yí, ẹ wo púlọ́ọ̀gì.

Bí iná bá ń ṣẹ́jú, ẹ páàkì kíá, kí katalísì ojú ọ̀nà èéfín tó bàjẹ́. Owó ńlá nìyẹn.