Kí Ni Ọmọ Ìgólò Yóò Lọ Kà?

Ní ọdọọdún, nígbà tí èsì ìdánwò BAC bá jáde tán, ìbéèrè kan ṣoṣo ni ó máa ń gba ẹnu àwọn ará ilé: "Kí ni o fẹ́ lọ kà ní yunifásítì?" Ní Ìgólò, ní agbègbè Ifangni, ìbéèrè náà wúwo ju bí ó ti rí ní ìlú mìíràn lọ. Ọ̀nà méjì ni ó ṣí sílẹ̀ níwájú ọmọ wa. Èkíní gba Àjàṣẹ́ kọjá lọ sí Calavi. Èkejì gba ẹnubodè Ìdí-Ìrókò wọ Nàìjíríà, níbi tí ẹ̀gbọ́n ìyá tàbí àbúrò bàbá kan kò ní ṣàì wà tí yóò sọ pé, "Ẹ jẹ́ kí ó máa bọ̀ lọ́dọ̀ mi."

Nínú àwa tí a ń kọ ìwé ìròyìn yìí, ekukáká ni a fi rí ẹni tí ó lè sọ pé òun nìkan ni òun yan ohun tí òun kà. Bàbá ni ó yàn án fún ẹlòmíràn. Ẹlòmíràn tẹ̀lé ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ sí ẹ̀ka òfin, ó sì lo ọdún méjì kí ó tó jẹ́wọ́ pé orúkọ "agbẹjọ́rò" ni òun fẹ́ràn, kì í ṣe iṣẹ́ náà. Nítorí náà, a kò wá láti dá ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́.

Ohun tí ó yẹ kí àwọn òbí kọ́kọ́ mọ̀ ni pé yíyàn náà ti bẹ̀rẹ̀ kí BAC tó dé. Ọmọ tí a fi sí série A láti kíláàsì seconde ti yà kúrò lójú ọ̀nà ìmọ̀ ìṣègùn, a kì í sì í sábà rántí sọ fún un. Lẹ́yìn BAC, orí ìkànnì ìjọba, apresmonbac.bj, ni àwọn ọmọ ti ń yan ẹ̀ka tí wọ́n fẹ́. Àyè tí ìjọba fi bourse sí ní ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan ní òǹkà, máàkì inú àwọn iṣẹ́ tí ẹ̀ka náà kà sí pàtàkì ni a sì fi ń to àwọn ọmọ. Ẹni méjì lè gba àpapọ̀ máàkì kan náà, kí ọ̀kan rí bourse, kí èkejì má rí i. Ọmọ tí ó bá kọ orúkọ ẹ̀ka tí gbogbo ayé ń lé láìwo máàkì ara rẹ̀, tẹ́tẹ́ ni ó ń ta.

Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ lórí Kétu. Ní 2013 ni ìjọba dá yunifásítì iṣẹ́ ọ̀gbìn sílẹ̀ níbẹ̀, ní ìlú Yorùbá. Lónìí ó ti di ara Université Nationale d'Agriculture. Síbẹ̀, bí ọmọ bá dárúkọ ẹ̀kọ́ yìí nílé, ariwo ni. "Ṣé kí o lè padà sí oko ni mo fi ń ta epo rán ọ ní ilé-ìwé?" Ìyá kan ní Ìgólò ni ó sọ ọ̀rọ̀ náà lójú wa, a sì lóye rẹ̀: ẹni tí ọkọ́ ti dá lọ́wọ́ lóró kì í fẹ́ fi ọkọ́ ṣe ogún fún ọmọ. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí ó yí wa ká: ọ̀pẹ, gbágùúdá, àgbàdo. Ní Pọ̀bẹ́, tí kò jìnnà sí wa, ibùdó ìwádìí ọ̀pẹ ti wà láti ayé ìjọba Faransé, ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ sì ti gbin irúgbìn tí ó ti ibẹ̀ jáde. Àwọn tí ó kàwé ni ó ṣe é. Ẹni tí ó mọ bí a ti ń tọ́jú epo kí ó má baà kan, tí ó mọ ohun tí ilẹ̀ ṣaláìní, tí ó sì mọ bí a ti ń ta ìkórè fún oníṣòwò òkèèrè, kò padà sí oko lọ́nà tí ìyá rẹ̀ ń bẹ̀rù.

Èdè náà wà níbẹ̀, tí a ń fojú tẹ́ńbẹ́lú rẹ̀. Ọmọ Ìgólò ń sọ Yorùbá nílé, ó ń gbọ́ Gùn lọ́jà, ó ń fi Faransé kàwé, ó sì ń fi Gẹ̀ẹ́sì dúnàádúrà ní ẹnubodè. Ọlábíyìí Babalọlá Yai, ọmọ Ṣábẹ, fi ìmọ̀ èdè àti lítíréṣọ̀ ṣe iṣẹ́ ayé rẹ̀: ó kọ́ni ní yunifásítì orílẹ̀-èdè wa, ní Ilé-Ifẹ̀ àti ní Florida, ó di aṣojú Bẹ̀nẹ̀ ní UNESCO, ó sì ṣe alága Ìgbìmọ̀ Aláṣẹ níbẹ̀. Ní 2020 ni ó papò dà.

Ẹni tí ó bá fẹ́ ṣiṣẹ́ ní ìhà méjèèjì ẹnubodè ní láti bi ara rẹ̀ bóyá ẹ̀kọ́ rẹ̀ lè bá a kọjá. Òfin kò rọrùn í gbé kọjá: àdéhùn OHADA ti 1993 ni ó ń darí òfin òwò ní Bẹ̀nẹ̀, Nàìjíríà kò sì sí nínú rẹ̀. Ìṣirò ní tirẹ̀ kò mọ ẹnubodè. Licence wa jẹ́ ọdún 3, tiwọn sábà máa ń gba ọdún 4. Ẹni tí ó ń gbèrò láti lọ ṣe master lọ́dọ̀ wọn gbọ́dọ̀ béèrè kí ó tó bẹ̀rẹ̀.

Ìwé ẹ̀rí fúnra rẹ̀ pẹ̀lú ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Ní òpin 2023, akọ̀ròyìn Nàìjíríà kan gbé e jáde pé òun gba ìwé ẹ̀rí yunifásítì ní Kútọnu láàárín nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kìíní 2024, ìjọba Nàìjíríà dá ìfọwọ́sí ìwé ẹ̀rí láti Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò dúró. Àwọn tí ó fi ọdún mẹ́ta gbáko jókòó kàwé náà jẹ nínú ìyà tí oníjìbìtì fà. Nítorí náà, kí òbí tó san owó ilé-ẹ̀kọ́ àdáni, kí ó béèrè ìwé méjì: àṣẹ tí ìjọba fi dá ilé-ẹ̀kọ́ náà sílẹ̀, àti ìfọwọ́sí ẹ̀kọ́ náà gan-an tí ọmọ fẹ́ kà. Ọ̀kan kò dúró fún èkejì.

Nígbà tí a ń múra àtipadà, ọmọbìnrin ìyá tí ó sọ ọ̀rọ̀ oko lẹ́ẹ̀kan, tí ó gba BAC D, bẹ̀ wá pé kí a bá òun bá ìyá òun sọ̀rọ̀ nípa Kétu. A bá a sọ ọ́. Ìyá náà gbọ́ wa parí, kò dá wa lóhùn lójú ẹsẹ̀. Nígbà tí ó yá, ó béèrè iye tí ọkọ̀ ń gbà láti Ìgólò dé Kétu.