Owó Ìdágbére: Oṣù Ni Kí Ẹ Fi Kà Á

Ẹ̀yin ònkàwé wa, ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ kí a jọ gbé yẹ̀wò, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ní ọkọ, aya tàbí ọmọ tí ń ṣiṣẹ́ oṣù ní ilé-iṣẹ́ ńlá. Kí ni ó yẹ kí òṣìṣẹ́ ṣe bí ọ̀gá rẹ̀ bá sọ pé, “Bí o bá fi ọwọ́ ara rẹ kọ̀wé kúrò lẹ́nu iṣẹ́, a ó fún ọ ní owó gọbọi”?

Ní ìparí ọdún 2024 ni ọ̀rọ̀ yìí gba ẹnu gbogbo ènìyàn ní ojúde Tinúbú ní Èkó, níbi tí ilé Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà wà. Báńkì náà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù Keje 1959, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé Àbújá ni olú ilé-iṣẹ́ rẹ̀ wà báyìí. Ó gbé ètò kan kalẹ̀ pé kí òṣìṣẹ́ tí ó bá wù kọ̀wé, kí ó sì gba owó lọ kí ọjọ́ ìfẹ̀yìntì rẹ̀ tó pé. Àwọn ìwé ìròyìn gbé e pé àwọn tí yóò lọ tó 1,000, àti pé owó tí a ó ná lé wọn lórí tó bílíọ̀nù 50 náírà. Ní oṣù Kejìlá, báńkì náà ní kò sí ẹni tí a fi ipá mú. Àwọn aṣòfin sì ní àwọn yóò tuṣu ọ̀rọ̀ náà désàlẹ̀ ìkòkò. Ṣùgbọ́n ní ọdún 2024 kan náà ni a ti kọ́kọ́ dá ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ báńkì náà dúró, nítorí náà ẹni tí ó gbọ́ “bí ó bá wù ọ́” yóò wo iwájú, yóò sì wo ẹ̀yìn.

Èmi kò kọ̀wé yìí láti dá báńkì kankan lẹ́bi, nítorí irú nǹkan báyìí kì í ṣe tuntun. Ní 1975, nígbà ìjọba Murtala Muhammed, òṣìṣẹ́ ìjọba tí ó lé ní 10,000 ni a yọ lẹ́nu iṣẹ́. A kò bi ẹnikẹ́ni léèrè. Ẹlòmíràn, ẹnu rédíò ni ó ti gbọ́ ọ. Ní oṣù Keje 2004, Ọ̀jọ̀gbọ́n Charles Soludo, tí í ṣe gómìnà Báńkì Àpapọ̀ nígbà náà, pàṣẹ pé báńkì tí owó rẹ̀ kò bá tó bílíọ̀nù 25 náírà nígbà tí 2005 bá fi máa parí, kí ó wá ẹni bá dà pọ̀. Báńkì 89 di 25. Nígbà tí báńkì mẹ́ta bá sì di ẹyọ kan, akọ̀wé mẹ́ta kò lè jókòó sórí àga kan.

Ẹni tí a bi léèrè sàn ju ẹni tí a tì jáde lọ, ìyẹn kò ní iyè méjì nínú. Ṣùgbọ́n kí ó mọ̀ pé owó náà kì í ṣe ẹ̀bùn. Ilé-iṣẹ́ ti jókòó, ó ti ṣírò iye tí òun yóò ná lórí òṣìṣẹ́ yìí títí di ìfẹ̀yìntì rẹ̀, ó sì ti rí i pé ó dínwó kí òun san án lẹ́ẹ̀kan. Ìyẹn kì í ṣe ìwà ìkà, ìṣirò ni. Kí òṣìṣẹ́ náà lọ ṣe ìṣirò tirẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a fi akọ̀wé kan ṣe àpẹẹrẹ. Ọmọ ọdún 45 ni, ó ń gba 400,000 náírà lóṣù, wọ́n sì ní kí ó wá gba mílíọ̀nù 10. Mílíọ̀nù mẹ́wàá kún ojú. Ẹ wá fi owó oṣù rẹ̀ pín in: oṣù 25 ni, ọdún méjì lé oṣù kan. Bí ó bá jẹ́ pé ọdún 60 ni wọ́n ń fẹ̀yìn tì níbẹ̀, ọdún 15 ni ó fi sílẹ̀. Ẹ tún rántí pé owó inú àpótí a máa rù. Ní oṣù Kejìlá 2024, àjọ tí ń ṣe ìṣirò fún ìjọba sọ pé ọjà ti fi 34.8 nínú 100 gbówó lórí ju ti ọdún tí ó ṣáájú lọ. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ẹrù 100,000 náírà ti di 134,800, àti pé mílíọ̀nù 10 tí ẹnìkan tọ́jú sílé ní gbogbo ọdún náà kò lè ra ju ohun tí nǹkan bí mílíọ̀nù 7.4 ń rà tẹ́lẹ̀. Eré tí ọjà ń sá ti rọlẹ̀ lẹ́yìn ìgbà náà, ṣùgbọ́n kò tí ì dúró.

Owó oṣù nìkan kọ́ sì ni iṣẹ́ ń fúnni. Ta ni yóò máa san owó ilé ìwòsàn? Ẹ̀yáwó tí ó gbà lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ àti lọ́wọ́ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ńkọ́? Wọn a máa yọ ọ́ nínú owó náà kí ó tó dé ọwọ́ rẹ̀. Iye tí ó bá kù lẹ́yìn gbèsè ni kí ẹ fi oṣù kà.

Lẹ́yìn èyí, kí ó bèèrè ohun tí í ṣe tirẹ̀ tẹ́lẹ̀. Òfin owó ìfẹ̀yìntì ti 2014 ní kí òṣìṣẹ́ máa fi 8 nínú 100 owó rẹ̀ pamọ́, kí ọ̀gá rẹ̀ sì fi 10 kún un. Tirẹ̀ ni owó yẹn, bí ó lọ bí kò lọ. Ẹni tí kò tí ì pé ọmọ 50 ọdún tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, tí kò sì rí òmíràn fún oṣù mẹ́rin, lè gba tó 25 nínú 100 ohun tí ó ti kó jọ. Ìyókù yóò dúró dè é. Nítorí náà kí ó bèèrè pé, “Ṣé mílíọ̀nù 10 yìí wà lọ́tọ̀ sí owó ìfẹ̀yìntì mi, tàbí ẹ ti da méjèèjì pọ̀?” Ti owó-orí kò le púpọ̀: òfin tuntun tí ó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kìíní 2026 kò gba owó-orí lórí irú owó yìí bí kò bá ju mílíọ̀nù 50 lọ.

Kí ó tún bèèrè ọjọ́ tí owó yóò wọlé, kí wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀. Nígbà tí Nigeria Airways kógbá sílé ní nǹkan bí 2003, ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ rẹ̀ ni ó dúró di 2018 kí wọ́n tó rí apá kan owó ìdágbére wọn gbà. Àwọn mìíràn ti kú kí ó tó dé.

Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe rò pé mo ní kí gbogbo ènìyàn kọ̀ ọ́. Ẹni tí ó kọ̀ ń ta tẹ́tẹ́ tirẹ̀ náà. Kí ó gbé ìwé tí wọ́n fi gbà á síṣẹ́ jáde, kí ó kà á: bí a bá yọ ọ́ lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, kí ni a ó san? Bí ó bá jẹ́ owó oṣù kan péré ni, mílíọ̀nù 10 ti di nǹkan mìíràn. Òfin iṣẹ́ ní kí ọ̀gá tí ó fẹ́ dín òṣìṣẹ́ kù sọ fún ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́, kí ẹni tí ó dé gbẹ̀yìn kọ́kọ́ lọ bí a bá ti wo ìmọ̀ àti ìwúlò ẹnì kọ̀ọ̀kan, kí a sì jọ jíròrò owó tí a ó san. Akọ̀wé àti àwọn tí ń fi agbára ṣiṣẹ́ ni òfin yẹn wà fún. Ìwé àdéhùn ni ti ọ̀gá àgbà. Nítorí náà, kí ó tó tọwọ́ bọ̀wé ni kí ó tọ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ lọ, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀.

Ní tèmi, ẹni tí ó rí i pé ẹ̀ka òun ni a fẹ́ tì pa, tí gbèsè kò sí lọ́rùn rẹ̀, tí ó sì ti ní iṣẹ́ mìíràn tí ń mówó wọlé, kí ó gbà á. Ẹni tí ọmọ mẹ́ta ṣì wà ní ilé-ìwé, tí kò sì mọ ohun tí òun yóò ṣe lọ́la, kí ó jókòó bí wọ́n bá gbà á láàyè.

Èyí tí ń dùn mí jù ni ti àwọn tí ń sọ pé, “Màá fi ṣòwò.” Ẹ̀yin ìyálọ́jà Balógun àti Ìdúmọ̀tà, ẹ jẹ́ mi lẹ́rìí. A kì í fi ojú olójú ṣòwò ká jèrè. Ẹni tí kò ta ọ̀pá aṣọ kan rí, tí ó san owó ṣọ́ọ̀bù ọdún méjì, tí ó san ti ejẹ́ǹtì, tí ó ra ẹrù kún inú rẹ̀, kò ní pẹ́ mọ̀ pé ẹrù tí kò tà ti jẹ owó oúnjẹ òun. Kí ó kọ́kọ́ san gbèsè, kí ó ya owó oúnjẹ ọdún kan àti owó ilé-ìwé sọ́tọ̀, kí ó jókòó ti ẹni tí ó mọ òwò fún oṣù díẹ̀, lẹ́yìn náà kí ó fi díẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Kí ó sì pa ẹnu mọ́, nítorí ìbátan tí a kò rí láti ọjọ́ ìkómọ yóò mọ̀nà ilé lọ́jọ́ tí ó bá gbọ́ mílíọ̀nù.

Ẹ rántí ẹni tí ojúde náà ń jẹ́ orúkọ rẹ̀. Ní 1856 ni a lé Ẹfúnróyè Tinúbú kúrò ní Èkó. Aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ni ó wà nídìí rẹ̀. Ó gba Abẹ́òkúta lọ, ó ń bá òwò rẹ̀ lọ níbẹ̀, ó sì pèsè ìbọn àti ẹ̀tù fún àwọn Ẹ̀gbá nígbà ogun Dàhòmì. Ní 1864 wọ́n fi í jẹ Ìyálóde Ẹ̀gbá. Kò sí ẹni tí ó fi mílíọ̀nù dágbére fún un. Iṣẹ́ tí ó mọ̀ ni ó gbé e dìde, àti àwọn ènìyàn tí ó mọ̀ ọ́n.

Bí ìwé bá dé, kí tọkọtaya jókòó pẹ̀lú bírò àti pépà. Kí wọ́n kọ iye tí ó kù lẹ́yìn gbèsè, kí wọ́n kọ iye oṣù tí yóò gbé wọn, kí wọ́n sì kọ iṣẹ́ tí yóò gba ipò owó oṣù. Bí ibi tí ó yẹ kí a kọ iṣẹ́ yẹn sí bá ṣófo, kí wọ́n tún ọ̀rọ̀ náà rò. Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí a ṣi ẹsẹ̀ gbé o.