Èló Ni Ẹ Lè San Kí Igbó Ẹ̀gbà Lè Padà?

Ẹ̀yin apẹja etíkun Ìlàjẹ, ìṣojú yín ni òkun ń jẹ ilẹ̀. Ayétòrò, ìlú tí a tẹ̀ dó ní ọdún 1947, ti pàdánù ọ̀pọ̀ ilé sínú omi.

Igi ẹ̀gbà kò lè dá òkun ńlá dúró. Ṣùgbọ́n ní etí ọ̀sà, gbòǹgbò rẹ̀ ni ó ń di ẹrẹ̀ mú; abẹ́ rẹ̀ ni ọmọ ẹja, edé àti akàn ti ń dàgbà. Bí a bá gé e tán fún igi ìdáná, kí ni a ó fi iná náà yan?

Bí a bá bi yín pé èló ni ẹ lè san, ẹ má ṣe yára wí pé ẹ kò ní owó. Ọjọ́ kan tí ẹ fi ṣe ọ̀wẹ̀, owó ni. Igi tí ẹ kò gé, owó ni pẹ̀lú.

Ẹ pe ìpàdé. Kí agbo ilé kọ̀ọ̀kan sọ iye ọjọ́ tàbí iye owó tí agbára rẹ̀ ká, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ ṣa èso ẹ̀gbà tí ó ti hù lórí igi, kí ẹ gbìn ín sínú ẹrẹ̀ etí ọ̀sà, níbi tí omi ti ń kún tí ó sì ń fà.

Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà.