Ọkùnrin Tó Ń Gun Ọ̀pẹ Lórí Timbre

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ ti rí lẹ́tà rí. Kí tẹlifóònù tó pọ̀ báyìí, lẹ́tà ni bàbá yín àgbà fi ń kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó wà ní Kutọnu tàbí ní Dakar. Yóò kọ ọ́, yóò fi í sínú àpò lẹ́tà, yóò sì mú un lọ sí ilé ìfìwéránṣẹ́. Níbẹ̀ ni yóò ti ra bébà kékeré kan. Bébà náà kò tóbi ju èékánná àtàǹpàkò méjì lọ. Àwòrán wà lójú rẹ̀, orúkọ ilẹ̀ wà níbẹ̀, iye owó náà wà níbẹ̀. Etí rẹ̀ rí wúruwùru bí eyín ayùn. Gọ́ọ̀mù wà lẹ́yìn rẹ̀. Bàbá yóò fi omi tọ́ ọ díẹ̀, yóò sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ àpò lẹ́tà. Bébà yìí ni à ń pè ní timbre.

Kí ni timbre ń ṣe? Ó ń sọ pé a ti san owó ọ̀nà lẹ́tà náà. Láyé àtijọ́, ẹni tó gba lẹ́tà ló sábà máa ń sanwó. Ẹlòmíràn a wo lẹ́tà lọ́wọ́ ẹni tó gbé e wá, a sì kọ̀ ọ́. Ta ni yóò wá sanwó rìn-ìn-rìn náà? Ní ọdún 1840, àwọn ará Ìlú Ọba tẹ timbre àkọ́kọ́ jáde, kí ẹni tó fi lẹ́tà ránṣẹ́ lè kọ́kọ́ sanwó. Àwọn orílẹ̀-èdè yòókù sì tẹ̀ lé wọn.

Ẹ jẹ́ ká wá sílé. Ilẹ̀ wa tí à ń pè ní Bẹ̀nẹ̀ lónìí, Dahomey ni orúkọ rẹ̀ títí di ọdún 1975. Àwọn Faransé ló ń ṣe ìjọba níbẹ̀ títí di ọdún 1960. Láti ọdún 1899 ni wọ́n ti ń tẹ timbre tí orúkọ Dahomey wà lára rẹ̀. Àwọn timbre àkọ́kọ́ yẹn kò fi ohunkóhun hàn nípa ilẹ̀ wa. Àwòrán kan náà ni Faransé ń lò fún ọ̀pọ̀ ilẹ̀ tó wà lábẹ́ rẹ̀, orúkọ ilẹ̀ nìkan ni wọ́n ń pààrọ̀.

Ní ọdún 1913, timbre tuntun jáde. Èyí ni mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ dáadáa. Ọkùnrin kan ló wà lójú rẹ̀, ó ń gun ọ̀pẹ.

Ta ni kò mọ ọ̀pẹ ní Pobè? Ta ni kò mọ̀ ọ́n ní Sakété? Ẹ mọ bí adọ́pẹ ṣe ń ṣe é. A fi igbà yí ara rẹ̀ àti igi ká. A fi ẹsẹ̀ ti igi, a fì sẹ́yìn díẹ̀, a sọ igbà sókè, a gbé ẹsẹ̀ kan, a gbé èkejì. Bí ó bá dé orí ọ̀pẹ, a gé ìdì ẹyìn, ìdì náà a sì já lulẹ̀, gbì! Àwọn ìyá a ṣa ẹyìn, wọn a sè é, wọn a gún un, wọn a sì fún epo jáde. Wọn a pa èkùrọ́ tó kù, kí wọ́n lè fi ṣe àdín tàbí kí wọ́n tà á.

Kí ló dé tí wọ́n fi yan ọ̀pẹ? Nítorí pé epo àti èkùrọ́ ni ọjà tó pọ̀ jù tí ilẹ̀ wa ń tà fún àwọn ará Yúróòpù nígbà yẹn. Wọ́n ń fi epo wa ṣe ọṣẹ àti àbẹ́là. Àwọn ìjọba la ojú irin láti Porto-Novo, ó gba Sakété kọjá, ó sì dé Pobè, kí ẹrù epo àti èkùrọ́ lè tètè dé etí òkun. Ọkọ̀ ojú irin náà kò rìn mọ́ báyìí, ṣùgbọ́n ẹ lè bi àwọn àgbà, wọn yóò fi ibi tó ń gbà hàn yín. Ní ọdún 1922, wọ́n dá ilé ìwádìí ọ̀pẹ sílẹ̀ ní Pobè. Ó ṣì wà níbẹ̀ di òní. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń wá irú ọ̀pẹ tó ń so dáadáa.

Nítorí náà, nígbà tí ará Faransé kan bá gba lẹ́tà láti Dahomey, iṣẹ́ àwọn baba wa ló ń wò lójú timbre. Orúkọ Dahomey wà níbẹ̀. Orúkọ ìjọba Faransé náà wà níbẹ̀. Orúkọ ọkùnrin tó ń gun ọ̀pẹ kò sí. Mo ti wo timbre yìí lọ́pọ̀ ìgbà, èyí kì í sì í dùn mọ́ mi. Ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ ni wọ́n gbàgbé láti dárúkọ.

Àwọn ènìyàn kan wà káàkiri ayé tí wọ́n ń kó timbre jọ. Ẹlòmíràn ń kó gbogbo èyí tó bá rí. Ẹlòmíràn yan ẹyọ ọ̀kan, ó ní, “Timbre ọlọ́pẹ ti Dahomey nìkan ni èmi ń fẹ́.” Ẹ ó wí pé àwòrán kan ṣoṣo mà ni, kí ló wà níbẹ̀ láti kó jọ? Ẹ dúró ná.

Àwòrán kan ni, ṣùgbọ́n àwọ̀ rẹ̀ pọ̀. Ìgbà méjì ni wọ́n ń tẹ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn: wọ́n á fi àwọ̀ kan tẹ àwòrán, wọ́n á fi àwọ̀ mìíràn tẹ ohun tó yí i ká. Iye owó kọ̀ọ̀kan ní àwọ̀ tirẹ̀. Èyí tó kéré jù jẹ́ centime 1. Àwọ̀ àlùkò àti dúdú ni tirẹ̀. Nínú àwọn ti ìbẹ̀rẹ̀, èyí tó tóbi jù jẹ́ franc 5. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, wọ́n ń yí àwọ̀ padà, wọ́n sì ń fi iye owó tuntun kún un.

Nígbà mìíràn, wọn kì í tẹ tuntun. Wọ́n á mú timbre tó ti wà nílẹ̀, wọ́n á sì tẹ nǹkan mìíràn lé e lórí. Ní ọdún 1915, nígbà ogun ńlá, wọ́n tẹ àgbélébùú pupa àti centime 5 lé timbre centime 10 lórí. Ẹni tó bá rà á yóò san centime 15. Centime 5 tó lé yẹn jẹ́ ti àwọn tó ń tọ́jú àwọn tó fara gbọgbẹ́ lójú ogun. Nígbà tó yá, owó ìfìwéránṣẹ́ gbówó lórí, ni wọ́n bá tẹ franc 20 lé timbre franc 5 lórí. Bébà kan náà, ọkùnrin kan náà, ọ̀pẹ kan náà!

Èyí tó yà mí lẹ́nu jù ni ti Togo. Àwọn Jámánì ló ń ṣe ìjọba Togo tẹ́lẹ̀. Ní ọdún 1914, àwọn ọmọ ogun Faransé àti ti Gẹ̀ẹ́sì gba ilẹ̀ náà lọ́wọ́ wọn. Timbre wo ni àwọn ènìyàn yóò wá lò? Ní ọdún 1916, àwọn Faransé mú timbre ọlọ́pẹ ti Dahomey, wọ́n sì tẹ TOGO gàdàgbà lé e lórí. Báyìí ni adọ́pẹ wa ṣe rékọjá ààlà láì gbé ẹsẹ̀.

Ní Amẹ́ríkà náà, irú ìkójọ báyìí wà. Láti ọdún 1909 sí 1911, àwọn tó ń ta sìgá máa ń fi káàdì kékeré kan sínú páálí sìgá. Káàdì náà kì í jẹ́ kí páálí tẹ̀, kí sìgá má baà ṣẹ́. Àwòrán eléré baseball wà lójú rẹ̀. Baseball jẹ́ eré kan tí wọ́n ń fi igi gbá bọ́ọ̀lù. Àwọn ọmọdé a dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìtajà, wọn a máa tọrọ káàdì lọ́wọ́ àwọn àgbà tó ra sìgá. (Káàdì ni mo wí o, n kò wí sìgá. Sìgá ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́.) Káàdì náà ju 500 lọ. Ẹni tí apá rẹ̀ kò ká gbogbo rẹ̀ a yan ẹgbẹ́ kan, a sì máa wá àwọn eléré ẹgbẹ́ náà. Ẹni tó yan ẹgbẹ́ Pittsburgh ni mo káàánú jù, nítorí Honus Wagner wà nínú wọn. Káàdì tirẹ̀ kò pọ̀ rárá. Ní ọdún 2022, wọ́n ta ẹyọ kan ní ohun tó ju mílíọ̀nù 7 dọ́là lọ.

Ẹ má rò pé timbre ọlọ́pẹ yóò sọ yín di olówó bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò wọ́n. Ohun tó wọ́n ni àpò lẹ́tà tó ṣì pé, tí timbre ṣì wà lára rẹ̀, tí òǹtẹ̀ ilé ìfìwéránṣẹ́ sì hàn kedere. Òǹtẹ̀ ni yóò sọ ìlú tí lẹ́tà ti gbéra àti ọjọ́ tó gbéra. Òǹtẹ̀ ìlú ńlá bíi Porto-Novo kò ṣòroó rí. Ti ìlú kékeré ló ṣọ̀wọ́n, torí pé lẹ́tà tó ń ti ibẹ̀ jáde kò pọ̀.

Irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ lè wà nínú àpótí ìyá yín àgbà. Ikán fẹ́ràn rẹ̀, eku fẹ́ràn rẹ̀. Bí àwọn ará ilé bá ń gbálẹ̀ fún ọdún, wọ́n lè kó o dà sínú iná. Àlejò tó mọ iye rẹ̀ náà lè fi owó àkàrà rà á lọ.

Bí ẹ bá rí i, ẹ má ṣe ya timbre kúrò. Ẹ má ṣe fi abẹ gé e, ẹ má sì rẹ ẹ́ sínú omi. Ti lẹ́tà òde òní tí kò ṣe pàtàkì ni a lè rẹ sínú omi títí timbre yóò fi ṣí fúnra rẹ̀, kí a sì sá a sáàárín bébà méjì kí ó gbẹ. Ti àtijọ́, ẹ jẹ́ kí ó wà bí ó ṣe wà. Ẹ fọ ọwọ́, ẹ nù ún gbẹ, kí ẹ tó fọwọ́ kàn án. Epo ọ̀pẹ dára nínú ọbẹ̀, kò dára lára timbre ọlọ́pẹ! Ẹ wá àpótí tó ní ọmọrí, níbi tí òjò àti oòrùn kò dé, kí ẹ sì máa yẹ̀ ẹ́ wò nítorí ikán.

Ẹ kọ́kọ́ gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹni tó ni lẹ́tà. Ọ̀rọ̀ ilé lè wà nínú rẹ̀, kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni ọmọdé gbọ́dọ̀ kà. Ẹ wí pé, “Ẹ jọ̀wọ́, Ìyá, ẹ jẹ́ kí n wo ẹ̀yìn rẹ̀ nìkan.” Lẹ́yìn náà, ẹ bi wọ́n pé ta ló kọ ọ́, ta ló gbà á, kí ẹ sì kọ ìdáhùn wọn sórí bébà mìíràn. Ẹ má ṣe kọ ohunkóhun sára àpò lẹ́tà náà. Bí bàbá tàbí ìyá bá sì mọ ẹnì kan tó ń gun ọ̀pẹ ní àdúgbò yín nígbà yẹn, ẹ kọ orúkọ ẹni náà sílẹ̀ pẹ̀lú.