Ìbínú Lójú Ọ̀nà

Ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹni tó bá ń wọkọ̀ láti Iyara lọ sí Kàbà tàbí Lọ́kọ́ja yóò ti rí i: dírẹ́bà kan ya ẹnì kejì rẹ̀ sílẹ̀, inú bí ìyẹn, ó sáré tẹ̀ lé e, ó fẹ́ gbẹ̀san ní kọ́nà tí kò ti rí iwájú. Bẹ́ẹ̀ ni tírélà sìmẹ́ńtì Ọbájánà lè máa bọ̀.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ọkọ̀ tó ń sá 80 kìlómítà ní wákàtí kan ń rin nǹkan bíi mítà 22 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí dírẹ́bà bá yíjú bú ẹlòmíràn fún ìṣẹ́jú àáyá 3 péré, ó ti rin mítà 66 láìwo iwájú.

Lọ́dún 1988 ni ìjọba àpapọ̀ dá àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó sílẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kò lè jókòó sínú gbogbo ọkọ̀. Àwa èrò ni ẹ̀ṣọ́ ibẹ̀. Ẹ má dákẹ́, ẹ má sì bú dírẹ́bà, nítorí èébú a máa bu epo síná ìbínú. Ẹ fi pẹ̀lẹ́ wí pé: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kó máa lọ." Bí kò bá gbọ́, ẹ sọ̀ kalẹ̀ ní ìlú tó kàn. Owó ọkọ̀ kò tó ẹ̀mí.

Ànábì wa kọ́ wa pé ẹni tó kápá ara rẹ̀ nígbà ìbínú ni alágbára. Kí Ọlọ́hun máa ṣọ́ àlọ àti àbọ̀ wa. Àmín.